Omi Tó Ṣẹ́kù Ní Igun

Ilé kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́fà tí Ìyá Aránṣọ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀ ẹlòmíràn, tí á yọ ike omi jáde nínú báàgì rẹ̀, tí á sì da omi náà sílẹ̀ níṣojú ẹni tó gbà á lálejò. Onílé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Kò dá wọn lẹ́bi. Bí obìnrin kan tí òun kò mọ̀ rí bá wá sílé òun, tó kí òun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó wá ní òun fẹ́ da omi sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, òun náà á kọ́kọ́ béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìtìjú. Omi nìkan ló kù tó gbà gbọ́. Èèyàn lè parọ́, fọ́tò lè parọ́, kódà ìwé tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀ lè parọ́. Bí ilẹ̀ balùwẹ̀ bá rọra rẹlẹ̀ síbi ihò, omi á lọ síbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá rẹlẹ̀, omi á jókòó síbi tó bá wù ú, á máa wo èèyàn lójú. Ọ̀rọ̀ omi tó jókòó yìí ló sì lé e jáde nílé.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n tún balùwẹ̀ tiwọn ṣe, nínú ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé. Àbúrò ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló mú un wá, ó ní ọmọ ilé ni, kí ni wọ́n tún ń wá lọ sóde. Àna ni ọmọkùnrin náà lóòótọ́, ó sì mọ èèyàn kí. Bó bá ti wọlé, á ki Màmá títí ojú Màmá á fi máa rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ wojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní kó mú òun lọ wo ibi tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí? Ta ló fẹ́ bi í pé ta gan-an ló máa to táìlì, ṣé òun ni àbí ẹnì kan tí wọn ò tíì fojú rí? Gbogbo ìbéèrè yìí wà lẹ́nu Ìyá Aránṣọ, ó sì gbé wọn mì. Òun tí kì í jẹ́ kí oníbàárà gbé aṣọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì wọ̀ ọ́ wò, kò béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fọ́ ilé rẹ̀. Títí dòní, bó bá ti rántí, inú ara rẹ̀ ló ń bí i.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Àna fi parí iṣẹ́, gbogbo ilé ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Táìlì ń dán gbinrin. Lẹ́yìn oṣù méjì, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá yọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, níbi tí omi máa ń kóra jọ sí, eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán.

Ó ti ń rìn báyìí. Ó ń fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ rìn dé ilé ìdáná, ó ń rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, dókítà sì ní kò sí ìdí tí kò fi lè wẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bó bá ti dé iwájú ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró. Á rọra yí ọ̀pá padà ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nínú yàrá, Ìyá Aránṣọ á tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, á gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá nínú abọ́, á sì wẹ ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà tí aṣọ bá ti kúrò lára Màmá títí òmíràn á fi bọ́ sí i lọ́rùn, ṣe ló máa ń di ojú rẹ̀ gbọn-in. Màmá tó jẹ́ pé nígbà tí ara ṣì le, bó bá ti wọ balùwẹ̀, kí ẹlòmíràn yáa lọ wá ohun míì ṣe, nítorí ọjọ́ tó bá wù ú ló máa jáde. Ojú tó dì yẹn ni Ìyá Aránṣọ ò lè gbé kúrò lọ́kàn, àti nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àti lórí ibùsùn. Ó fẹ́ kí ìyá òun tún wọ balùwẹ̀ lọ, kó ti ilẹ̀kùn, kó sì pẹ́ níbẹ̀ débi tó bá fẹ́. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ tó pè yọ fóònù, ó fi fọ́tò balùwẹ̀ mẹ́tàdínlógún hàn án, ọ̀kan ń dán ju èkejì lọ. Ìyá Aránṣọ ní kó mú òun lọ wo ẹyọ kan péré nínú wọn. Ọkùnrin náà ní àwọn onílé ti rìnrìn àjò. Ṣé àwọn mẹ́tàdínlógún náà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó bá òun kí gbogbo àwọn arìnrìn-àjò.

Ẹnì kejì ni Ìyá Aránṣọ sọ ní Kò-Sí-Wàhálà, nítorí ìdáhùn tó ní sí gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ṣé ó máa kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé, irú páìpù tó máa rì mọ́lẹ̀, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí? Kò sí wàhálà. Ta ló máa dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ò bá wá? Kò sí wàhálà. Bí páìpù bá ń jò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́? Kò sí wàhálà rárá, Mà. Ó fún un ní orúkọ oníbàárà mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́, kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Ẹnì kejì náà ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́, kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Ẹni kẹta ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ yìí, tó ń wo Ìyá Aránṣọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi tó dà sílẹ̀. Omi rìn díẹ̀, ó yà síbi ògiri, ó sì jókòó.

Obìnrin náà ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́. Ìyá Aránṣọ bá a parí rẹ̀ pé kì í sì í yọ èèyàn lẹ́nu. Ó gbójú sókè wò ó. Imú yẹn, ó ti rí i níbì kan.

Ó ní, “Agbaṣẹ́ṣe yìí, ẹ̀gbọ́n yín ni àbí àbúrò yín?”

“Àbúrò mi ni,” obìnrin náà dáhùn, kó tó rántí pé kò yẹ kóun sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aránṣọ nu omi náà kúrò nílẹ̀, ó dágbére. Nígbà tó dé ojú títì, ó jókòó lórí fẹ́ńsì kúkúrú kan, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Aṣọ oníbàárà márùn-ún ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀bù. Omi ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ń dúró dè é nílé. Gbogbo ara ń dun ún, kò sì tíì sún mọ́ ibi tó ń lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ronú lórí àwọn oníbàárà tòun náà. Àwọn tó ń yìn ín, gbólóhùn kan ni wọ́n máa ń sọ: ó mọ aṣọ rán. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tó ń bínú sí i títí dòní nítorí ẹ̀wù kan, tó jẹ́ pé bí ẹ bá bi í, á ro ẹjọ́ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọn ìbàdí òun. Kò ní fi ẹyọ abẹ́rẹ́ kan pamọ́. Ìyá Aránṣọ wọ bàtà rẹ̀ padà. Ìbéèrè kan wà tí kò tíì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Agbaṣẹ́ṣe kẹta wá lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń pè é ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ó sì yẹ ẹ́. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi oríkèé ìka kan táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé etí sún mọ́ ọn bíi dókítà tó ń gbọ́ àyà. Ó bi wọ́n pé ta ló fẹ́ máa lo balùwẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n sì sọ fún un, ó wá Màmá lọ sí pálọ̀, ó tọrọ àforíjì, ó ní kí Màmá na ọwọ́ síbi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti di nǹkan mú. Ó wọn ibẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ náà á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárẹ̀ tún bo Ìyá Aránṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i nídìí abọ́ omi.

Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé kiri láti àná pé, “Ta ni inú ẹ̀ ò dùn sí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún un?”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti bírò rẹ̀ bọ àpò, ó tún fà á yọ. Ó wá ya bébà kan nínú ìwé rẹ̀, ó kọ àdírẹ́sì sí i.

Ó ní, “Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹ má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá o. Wọn ò ní ṣílẹ̀kùn.”

Ìyá Aránṣọ ò fẹ́ parọ́ fún àgbàlagbà. Nígbà tó dé ilé Tíṣà, ó kàn sọ pé òun fẹ́ gba agbaṣẹ́ṣe kan, òun sì gbọ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, pé òun ò fẹ́ kó sí wàhálà. Bí Tíṣà ṣe gbọ́ ẹni tó ń sọ, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó fa àga fún un. “Ẹ jókòó, ìyá. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ lóòótọ́, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó sọ bí ọkùnrin náà ṣe ń wọn ohun tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, bó ṣe dá táìlì odindi páálí mẹ́ta padà nítorí pé wọn ò dọ́gba. Ó ní ìyẹn ṣì kéré.

“Iṣẹ́ ti parí. Mo ti ní ó dáa, ìyàwó mi náà ti ní ó dáa. Ó wá da omi sílẹ̀, ó ní díẹ̀ ṣẹ́kù ní igun. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ìyá, ọkùnrin yẹn gbé òòlù, ó hú gbogbo ilẹ̀ náà. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ń lọ wẹ̀ nílé aládùúgbò. Èmi, lọ́jọ́ orí mi, pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn, táwọn tí mo kọ́ níwèé ń kí mi lójú títì pé ẹ káàárọ̀ sà.”

Ìyá Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun rí balùwẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ike rẹ̀, ó da omi sí igun tó jìnnà jù. Omi náà gbéra láìyà sí ọ̀tún tàbí òsì, ó wọnú ihò lọ, kò ku nǹkan kan sílẹ̀ àfi ilẹ̀ tútù. Ó dà á ní igun kejì. Ó tún lọ.

“Mo mọ̀ pé ó ń lọ,” Tíṣà sọ, inú ṣì ń bí i. “Ta ló ní kò lọ?”

Ẹ̀rín pa Ìyá Aránṣọ, ẹ̀rín tí kò rín láti oṣù wo. Nígbà tó sì yá, kò mọ̀gbà tó di ẹkún. Tíṣà, tó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló ká a lára tó bẹ́ẹ̀, rọra fọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó má wulẹ̀ gbà á síṣẹ́ o, kó lọ wá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé ni Ẹ̀gbọ́n wá. Ìròyìn ti dé etí Àna pé wọ́n ń wá agbaṣẹ́ṣe òde, ó sì ká a lára. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ náà fẹ́ wá tún un ṣe, kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó ní bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yìí fún àjèjì, ojú wo lòun fẹ́ fi wo àwọn òbí ìyàwó òun? Ìkà kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n. Òun ló gbé Màmá dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, òun ló ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti rẹ òun náà. Ó kàn fẹ́ kí ilé tòrò ni.

Ìyá Aránṣọ ní kó sọ fún Àna kó mú òun lọ sí ilé kan ṣoṣo tó ti to táìlì rí, tí omi ti ń wọnú ihò lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ìwọ̀sí nìyẹn. Ìyá Aránṣọ ní ìwọ̀sí ni, òun mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u débi pé, ká ní Ẹ̀gbọ́n tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ni kò ní gbà fún un.

Màmá ló sọ̀rọ̀, lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí àwọn méjèèjì rò pé ó ti ń tòògbé.

“Mo rí omi yẹn láti ọjọ́ kìn-ín-ní.”

Ẹ̀gbọ́n ní omi wo.

“Omi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àràárọ̀ ni mò ń fi aṣọ nù ún kẹ́nikẹ́ni tó jí. Mo ní àna ni. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, ìwọ àti ìyàwó ẹ á bá a jà, ọ̀rọ̀ á wá di ńlá.” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan. “Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, aṣọ ìnulẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.”

Ìyá Aránṣọ rántí aṣọ náà. Òun ló ṣà á nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó rin gbingbin, tó fún un, tó sá a. Kò bi ara rẹ̀ rí pé kí ló gbé e débẹ̀. Ó ti ń rò ó fún oṣù gbọọrọ pé òun nìkan lòun gbé ọ̀rọ̀ mì nínú ilé yìí, ó wá rí i pé Màmá ti ń gbé tirẹ̀ mì láràárọ̀, lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò tètè gbé e sójú padà. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ó pẹ́ nínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé kó tó lọ, kò sì tún dárúkọ Àna mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kó tó gbé irinṣẹ́ kan wọlé, títí dórí ibi tí wọ́n máa da àfọ́kù táìlì sí. Ìyá Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bi í ní ìbéèrè mọ́kànlá, ọkùnrin náà sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìní kò sí wàhálà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dá fẹ́rẹ̀ẹ́ di mẹ́rin. Eruku wọ aṣọ oníbàárà, ó wọ ìkòkò, ó wọ etí. Láàárọ̀, abọ́ omi. Nírọ̀lẹ́, abọ́ omi. Màmá di ojú, Ìyá Aránṣọ wẹ̀ ẹ́, ó la ojú nígbà tí aṣọ wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pè wọ́n. Irin ìdìmú ti wà lára ògiri, níbi tí ọwọ́ Màmá dé gẹ́lẹ́. Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Kò tíì sún mọ́ ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣubú. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gbé garawa omi kan, ó dà á sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Omi náà gbéra, ó ń lọ, ó ń lọ, ó tán.

Ó tán tán, àfi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Díẹ̀ jókòó ní igun ibẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Ìyá Aránṣọ rí i. Ó rí i pé Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ náà rí i. Ó rántí Tíṣà pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn, ẹ̀yìn tó ń ro ó látàárọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò sì mọ̀gbà tó sọ pé, “Ó ti dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ó ti dáa.”

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. “Màmá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa lò ó. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Màmá wo ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ọmọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ láìmọ̀. Ó gbé ọwọ́ kan kúrò lórí ọ̀pá, ó nà án.

“Omi ṣẹ́kù ní igun yẹn.”

Ìyá Aránṣọ la ẹnu láti sọ ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ, pé díẹ̀ náà ni, pé á gbẹ, ẹ jẹ́ ká máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ méje ni, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti ń lọ mú òòlù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Aránṣọ tún tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ nínú yàrá. Ó gbé omi kaná, ó lú u, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó bóyá kò gbóná jù. Ó bọ́ aṣọ ìyá rẹ̀, ó gbé kànìnkànìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ èjìká rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, nítorí ó ti mọ bí ojú náà ṣe ń rí.

“Ẹ̀yìn mi, lápá òkè,” ni Màmá wí. “O ò tíì dé ibẹ̀ dáadáa. Àná náà, o ò dé ibẹ̀.”

Ìyá Aránṣọ gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ la ojú sílẹ̀, ó ń wò ó.

“Ẹ má bínú, Mà,” ló sọ. Ó gbé kànìnkànìn padà síbẹ̀, ó sì ń fọ̀ ọ́ títí ìyá rẹ̀ fi ní ó tó.